Kọfí Tí Delia Dà

Iṣẹ́ títún ìwé eré àtijọ́ kọ ni Roslyn Teitel ń ṣe, ó sì ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti wà nídìí ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé eré olórin tí àwọn bàbá wa wò padà sórí ìtàgé ní New York, òun ni wọ́n máa ń pè kó wá bá wọn wo ibi tó ti kan. Orin kò ṣeé fọwọ́ kàn, torí orin làwọn èèyàn ń tìtorí ẹ̀ wọlé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ láàárín orin kan sí èkejì ni tiẹ̀: ẹ̀fẹ̀ tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́, obìnrin tí wọ́n gbá létí tó tún ń bẹ̀bẹ̀. Tó bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó débẹ̀. Jígí ojú méjì ló máa ń wọ̀, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí irun, èyí tó wà lórí irun ló sì máa ń wá kiri.

Èmi ni mò ń tẹ ìwé rẹ̀. Àwọ̀ tó yàtọ̀ la fi ń tẹ ojú ìwé tó bá yí padà, kí àwọn òṣèré lè mọ èyí tó jẹ́ tòní. Bẹ́ẹ̀ la ó máa ṣe é títí ọjọ́ tí ìwé máa dì. Tí ìwé bá ti dì, bí ọba ló fẹ́ yí ọ̀rọ̀ kan padà, ó ti pẹ́ jù.

Eré tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, ọdún 1949 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. "Ọ̀sán ní Ilé Hartwell" lorúkọ ẹ̀. Olówó kan tó ń jẹ́ Hartwell jókòó sídìí oúnjẹ, ó ń fọ́nnu pé gbogbo ará ilé òun ló fẹ́ràn òun bí ẹyinjú. Ó wá yíjú sí ìránṣẹ́ tó ń bu kọfí fún un: "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Delia?" Delia ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó tán. Gbólóhùn mẹ́rin péré ni Delia ní nínú gbogbo eré ọ̀hún.

Inú Roslyn bàjẹ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ ojú ìwé méjì fún Delia, níbi tó ti gbé ife kọfí sílẹ̀ tó sì sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ fún Hartwell: ọmọ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ìyá rẹ̀ àgbà. Orí ìwé aláwọ̀ ìyeyè ni mo tẹ̀ ẹ́ sí. N kò ní purọ́, mo sunkún. Kip Lindqvist tó ń darí eré náà dì mọ́ Roslyn, ó ní eré ti là.

Verdell Pettway ló ń ṣe Delia, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tí gbogbo wa ń pè ní Mísì Verdell. Odessa, ìyá ẹ̀, ló ṣe Delia lọ́dún 1949. Ìdí nìyẹn tí Kip fi gbà á, kó lè rí nǹkan sọ fáwọn oníwèé ìròyìn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, níbi ìdánrawò, Mísì Verdell ka ojú ìwé méjèèjì láìṣì kan. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Òun ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a jókòó jẹun ọ̀sán, ó fọwọ́ pe Roslyn.

"Roslyn, ọmọ mi, wá jókòó."

"Mísì Verdell, ṣé ó dùn lẹ́nu yín?"

"Ó dùn. Oyin náà dùn, a kì í fi wẹ̀. Gbólóhùn mẹ́rin ni ìyá mi ní. O fún mi ní ogójì. Kí ló dé tó fi ń ṣe mí bíi pé o jà mí lólè?"

Roslyn bọ́ jígí ojú, ó tún un wọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, 'Bẹ́ẹ̀ ni, sà' ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ fún ìyá yín níbẹ̀!"

"Mo mọ ohun tí wọ́n kọ. Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn nílé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́. Ó ní, 'Ọkùnrin yẹn ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, kì í ṣe èmi.' Mo ní báwo? Ó ní kí n lọ fọ abọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tó kú. N ò mọ ohun tó ṣe. Àmọ́ ó ṣe nǹkan kan níbẹ̀, o sì ti da ọ̀rọ̀ bò ó."

"Kí wá ni kí n ṣe?"

"Èmi kọ́ ló ń tún ìwé kọ. Àmọ́ tí ìwé bá fi lè dì lọ́jọ́ Ẹtì tí ìwàásù yìí ṣì wà níbẹ̀, ẹ wá ẹlòmíì tó máa wàásù fún yín."

Inú bí mi sí i. Mo ní ara àgbà ló ń ṣe é. Roslyn kò bínú. Ó sọ fún mi pé, "Mo ti ń tún ìwé kọ láti ìgbà yìí wá, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde nìkan ni mo máa ń kà." Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn, àṣìṣe gbogbo wa sì ni. Ohun tí òṣèré fi ara ṣe kì í dé inú ìwé tí wọ́n tẹ̀. Alábòójútó ìtàgé tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìkan ló máa ń fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sínú ẹ̀dà tiẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, èmi àti Roslyn lọ sí ilé ìkàwé tí wọ́n ń kó irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ pa mọ́ sí. Wọ́n gbé àpótí kan wá. Ìwé pélébé tí wọ́n pín fáwọn òǹwòran lọ́dún náà ló wà lókè. Orúkọ gbogbo òṣèré yòókù wà níbẹ̀. Níwájú Delia, wọn ò kọ nǹkan kan.

Ìwé alábòójútó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pé: "Odessa kò dáhùn. Ó ń da kọfí. Ojú ẹ̀ wà lójú Hartwell. Ife kún, kò dúró. Àwo kún, kò dúró. Ìgbà tó dé ara aṣọ tábìlì ló tó dáhùn. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlógún. Ẹ má tíì dá orin, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rín tán." Nísàlẹ̀: "Wọ́n ní kó má ṣe é mọ́. Ó tún ṣe é." Nísàlẹ̀ ìyẹn: "Wọ́n tún kìlọ̀ fún un. Ó tún ṣe é."

Roslyn bú sẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ní ká pa ẹnu mọ́. Ẹkún ló fi parí ẹ̀.

"Obìnrin yìí ti tún ìwé yìí kọ kí wọ́n tó bí mi," ló wí. "Kò sì lo ọ̀rọ̀ kankan."

Ó fọwọ́ ara ẹ̀ da gbogbo rẹ̀ kọ, ó gbé e lé Mísì Verdell lọ́wọ́. Mísì Verdell kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá mi," ló wí. "Olórí kunkun."

Kip ló kù. Nígbà tí Roslyn ní òun fẹ́ yọ ojú ìwé méjèèjì kúrò, ó pariwo pé, "Roslyn, ṣé orí ẹ pé? Wọ́n á ní a fi ìránṣẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wà!"

"Jẹ́ kí wọ́n wí i. Orúkọ tèmi ló wà níbẹ̀. Àṣejù ni mo ṣe, Kip, àṣejù sì ni baba àṣetẹ́."

Wọ́n gbà láti dán an wò lójú àwọn òǹwòran ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Hartwell fọ́nnu tán, ó béèrè ìbéèrè ẹ̀. Mísì Verdell bẹ̀rẹ̀ sí í da kọfí. Ife kún. Obìnrin kan láàárín àwọn òǹwòran ní, "Áà!" Àwo kún. Kọfí ń ṣàn lórí aṣọ funfun lọ sápá Hartwell, Mísì Verdell ò sì gbójú kúrò lójú ẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé. Kip náà pàtẹ́wọ́, mo sì gbádùn ìyẹn gan-an.

Ìwé dì lọ́jọ́ Ẹtì. Ojú ìwé tí mo tẹ̀ gbẹ̀yìn, òfìfo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tán.

Àmọ́ ìwé pélébé tí wọ́n ń pín lẹ́nu ọ̀nà kì í dì. Roslyn bá àwọn tó ni eré fà á fún ọjọ́ mẹ́rin, ó ní tí wọn ò bá kọ orúkọ kejì mọ́ tòun, kí wọ́n yọ tòun náà. Wọ́n gbà. Mo gbé èyí tí mo máa tẹ̀ wá fún òun àti Mísì Verdell pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò: "Ọ̀rọ̀ eré tuntun: Roslyn Teitel àti Odessa Pettway."

Mísì Verdell fi ìka lé orúkọ ìyá ẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Ó dáa gan-an. O ṣeun, ọmọ mi."

Roslyn wò ó. Ó wá jígí ojú ẹ̀ títí, ó rí i lórí irun. Ó mú pẹ́ńsù, ó fa ilà láti ara orúkọ tiẹ̀ lọ sẹ́yìn ti Odessa, kí Odessa lè ṣáájú, ó sì nà án sí mi. Mo lọ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.