Kákí Méjì àti Ìwé Dókítà

Mo rántí pé áyọ́ọ̀nù ṣì gbóná lórí tábìlì nígbà tí a ń múra àtilọ sí ilé ìwòsàn. Àyà ti ń dun ìyàwó mi láti àná, síbẹ̀ ó jí ní kùtùkùtù, ó sì lọ ẹ̀wù funfun mi kan. Mo bá a wí, kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo nawọ́ sí ẹ̀wù náà, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó tutù ná. Aṣọ gbígbóná tètè máa ń rún." Mo wọ̀ ọ́ ní gbígbóná, nítorí ojú ń kán mi. Èmi nìkan ni mo padà wálé nírọ̀lẹ́, ẹ̀wù náà sì ti rún lóòótọ́.

Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ìyàwó mi ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ lílọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá náà, alágbàfọ̀ ni ní Dópẹ̀mú, ṣùgbọ́n kí ó tó di alágbàfọ̀ ó ti ṣe sójà. Ó tẹ̀lé àwọn òyìnbó lọ jagun ní Bọ́mà. Nínú iṣẹ́ ológun ni wọ́n ti kọ́ ọ bí a ṣe ń fi sítáàṣì sí kákí títí ṣòkòtò yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró láìsí ẹni tó wọ̀ ọ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìlà ojú ṣòkòtò tí Bàbá bá lọ̀ lè gé iṣu.

Ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́, nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí owó epo ń wọlé bí òjò. Yàrá méjì ni èmi àti ìyàwó mi háyà ní Ẹ̀gbẹ́dá, lọ́nà Ìdímù. Oko ẹ̀gẹ́ ṣì wà lẹ́yìn ilé wa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí eruku ọ̀nà sinmi. Iná ìjọba kò tíì dé àdúgbò wa. Ogun abẹ́lé ti parí láti ọdún mélòó kan, àwọn sójà ló ń ṣèjọba, wọ́n sì ti ṣòfin pé ẹni tó bá jáde ní yunifásítì gbọ́dọ̀ fi ọdún kan sin ìlú. Àgùnbánirọ̀ ni a ń pè wọ́n. Àwọn kan ní ìyẹn kò tó, pé kí wọ́n sọ iṣẹ́ ológun gan-an di dandan fún gbogbo ọ̀dọ́.

Mo wà lára àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Tíṣà ni mí kí n tó lọ sí yunifásítì. Nígbà tí mo wá fún ìsinmi, ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ rí pè mí síbi àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo sọ̀rọ̀ títí òógùn fi bò mí. Mo ní ọ̀dọ́ tí a kò bá fi dandan kọ́ ni yóò jẹ owó epo run. Mo ní bí a bá ń dúró de ẹni tó máa yọ̀ǹda ara rẹ̀, àwọn ọlẹ ni yóò kù nílé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi gan-an. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé nínú ọkàn mi, mo gbà pé ẹni tó ti gbéyàwó kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Bàbá ìyàwó mi jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí a jáde, ó ní, "Tíṣà, o kú ọ̀rọ̀. Ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú?"

"Gbogbo ọ̀dọ́ ni, Bàbá."

"Gbogbo ọ̀dọ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé mi pé mo yọ̀ǹda ara mi ni. Wọ́n ní kí agboolé wa mú ọkùnrin kan wá. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbéyàwó. Ni bàbá wa bá wo ojú mi. Kò sọ nǹkan kan o, ó kàn wò mí. Dandan nìyẹn àbí ìyọ̀ǹda?"

Mo fún un ní èsì gígùn kan tí mo rí nínú ìwé. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹnu dùn ròfọ́, Tíṣà," ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà sí Dópẹ̀mú.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, mo jáde ní yunifásítì, ìwé ìpè tèmi náà dé. Ìlú kan lókè Ọya ni wọ́n fi mí sí, ìrìn ọjọ́ méjì nínú ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n ní kí n mú aṣọ iṣẹ́ dání, ìyàwó mi sì rán ṣòkòtò kákí méjì fún mi. Oyún oṣù márùn-ún wà nínú rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn aládàáni bá mi gba ìwé lọ́dọ̀ dókítà pé àyà mi kò le, pé n kò gbọdọ̀ rìn jìnnà. Mo sọ fún ara mi pé nítorí aboyún ni. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí. N kò sùn rí níbi tí wọn kò ti ń sọ Yorùbá.

Mo gbàgbé ìwé náà sínú àpò ẹ̀wù tí mo bọ́ sílẹ̀ fún fífọ̀. Nígbà tí mo wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìyàwó mi wà nídìí áyọ́ọ̀nù eléèédú. Kákí méjèèjì ti wà lórí tábìlì, ìlà wọn ṣe tónítóní, ìwé dókítà sì wà lórí wọn. Omi ti kàn án. Ó ti sá a, ó sì ti lọ òun náà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ó ní, "Gbogbo rẹ̀ ló ti múra tán. Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ mú."

"Nítorí rẹ ni mo ṣe gbà á."

"Ẹ má fi mí ṣe àwáwí jàre. Bí ẹ bá jókòó, ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ jókòó."

"Bí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ bá dé ńkọ́?"

"Bàbá mi wà ní Dópẹ̀mú. Àbí ẹ̀yin lẹ máa bí i ni?" Ó da eérú inú áyọ́ọ̀nù nù. "Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n máa fi dandan mú èèyàn. Èmi ò ní fi dandan mú yín o. Ibí yìí kì í ṣe bárékè."

Mo jókòó pẹ́ níwájú tábìlì náà. Ká ní ó sunkún ni, ǹ bá dúró. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá dúró pẹ̀lú, kí n lè fi hàn án pé èmi ni ọkọ. Ó lọ bu omi. Mo ká kákí méjèèjì sínú àpótí, mo fi ìwé náà sílẹ̀ níbi tó wà.

N kò ṣe nǹkan bàbàrà kan lókè Ọya. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, mo bá wọn gbẹ́ kòtò omi, mo kọ́ èdè wọn díẹ̀. Lẹ́tà ni mo fi gbọ́ pé a ti bí ọmọbìnrin. Nígbà tí mo padà dé, ó ti ń rá, ó sì sá fún mi.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá bi mí lónìí bóyá ó yẹ kí iṣẹ́ ológun di dandan, n kì í lè sọ̀rọ̀ títí òógùn yóò fi bò mí mọ́. Òfin ló pè mí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò fi dandan mú mi ni mo tìtorí rẹ̀ lọ. Ohun tó ń dùn mí báyìí yàtọ̀. Ọdún tí mo fi sin ìlú, òun náà sìn ín, nínú yàrá méjì, pẹ̀lú oyún, kò sì sí ẹni tó fún un ní kákí méjì àti ìwé kan pé kí ó mú èyí tó wù ú. Bí bàbá bàbá rẹ̀ ti wo ojú ọmọ tirẹ̀ ni èmi náà ṣe wo ojú ìyàwó mi. Láti ìgbà náà títí di àárọ̀ ọjọ́ tí a lọ sí ilé ìwòsàn, òun ló ń lọ aṣọ mi. N kò bi í rí bóyá dandan ni àbí ìyọ̀ǹda.

Lẹ́yìn ìsìnkú ìyàwó mi, ọmọbìnrin wa kó aṣọ mi jọ, ó ní òun máa kó wọn lọ fún alágbàfọ̀. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo po sítáàṣì. Ó ṣù. Mo dà á nù, mo tún un pò, èyí dára díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ ẹ̀wù funfun tí mo wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn láti ìdájí títí oòrùn fi wọ fèrèsé, ọrùn rẹ̀ sì wọ́ díẹ̀ lápá òsì. Mo fi í kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, mo fa àga sí iwájú rẹ̀, mo sì jókòó dúró kí ó tutù.