Ọ̀rá Tí Mo Fi Ń Bo Abọ́

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàtẹ abọ́ tánganran sí ẹ̀bá ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin, lọ́nà Agége, kí n tó tò wọ́n tán, funfun ti di dúdú. Ìyá Ràmọ́tà, tí mo bá lẹ́nu ọjà abọ́ níbẹ̀, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò rí èéfín yẹn ni? Fi ọ̀rá bò ó! Ta ló fẹ́ ra abọ́ tó ti jẹun yó lọ́jà?"

Bí mo ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Oníbàárà dé, mo ṣí ọ̀rá díẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń ṣí ìbòjú ìyàwó. Ó lọ, mo tún bò ó. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi wá jókòó síwájú ọ̀rá, mo la ẹnu sílẹ̀, mò ń pe èrò. Tí mo bá fọn ikun, á dúdú. Mo ní ikun Èkó ni.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ Ìyá Ràmọ́tà. A ní ọjọ́ orí ni. Ó kú.

Lọ́dún tó kọjá ó kàn mí. Láti ilé dé ìsọ̀, mo ń sinmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo fún omi ewé úgù mọ́ mílíìkì, mo mu ún títí ó fi kù díẹ̀ kí n hu ewé. Ọjọ́ tí òòyì kọ́ mi tí mo wó lu abọ́ ni ọmọ mi obìnrin wọ́ mi lọ sí ọsibítù ní Ọgbà.

Nọ́ọ̀sì fa ìpéǹpéjú mi wò. "Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín ti lọ sílẹ̀ gan-an. Níbo lẹ ti ń tajà?"

Mo sọ fún un. Dókítà ní nǹkan púpọ̀ ló ń jẹ ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà, àwọn á yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n èéfín ọjọ́ pípẹ́ wà lára ohun tó ń jẹ tèmi. Kí n kúrò níbẹ̀.

"Ẹ ò tiẹ̀ fi nǹkan bomú rí, Màmá?" ni nọ́ọ̀sì bèèrè.

"Abọ́ ni mò ń bò."

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìsọ̀ yẹn sílẹ̀."

Ibẹ̀ ni gbogbo èrò mọ̀ mí sí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi rò ó. Mo wá ránṣẹ́ sí obìnrin kan tó ń ta abọ́ ní Abúlé Ẹ̀gbá, kó wá kó ọjà mi. Ó ká ọ̀rá kúrò, abọ́ ń dán yinrin.

"Ìyá, ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni?"

"Ọdún kẹfà rèé."

"Háà! Kò sí àbàwọ́n kankan lára wọn!"

"Mo tọ́jú wọn dáadáa," ni mo wí, mo sì wá àpótí jókòó, kí n lè mí.