Orúnkún Ọmọláńgidi

Bí ẹ bá wá sílé wa, ẹ di àpò yín mú. Olè kọ́ ni ìyàwó mi o. Ọmọláńgidi ló ń rán, ohunkóhun tó bá sì ti lè tẹ̀ láìṣẹ́, eegun ọmọláńgidi ló máa ń rí nínú rẹ̀.

Ọmọ-ọmọ wa tó wá lo ìsinmi ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó ní ọmọláńgidi òun kò lè jókòó, òun náà kò sì ní í jókòó mọ́. Eré la pè é. Ọmọ ń jẹun lórí ìdúró, ó ń ya àwòrán lórí ìdúró. Ọ̀la sì ni ìyá rẹ̀, ọmọ wa, ń bọ̀ wá mú un. Ẹ̀rù ń ba ìyàwó mi pé bó bá bá a lóòró bẹ́ẹ̀, kò ní í jẹ́ kó wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, mi ò kàn sọ ni.

Ìyàwó mi kọ́kọ́ fi wáyà hángà ṣe eegun, ó ṣẹ́ ní orúnkún. Ó fi eegun adìẹ gbígbẹ ṣe é, ológbò gbé ọmọláńgidi lọ taṣọtaṣọ. Ó yọ irin gígùn orí rédíò mi, ó kì í bọ ọmọláńgidi nínú. Bí ọmọ ti fà á báyìí, ọrùn ọmọláńgidi gùn dé etí fèrèsé. Ọmọ fi igbe ta, ó sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò jókòó níbẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ kejì, òjò bá mi lọ́nà búrẹ́dì. Mo ṣí agbòjò mi, aṣọ rẹ̀ nìkan ló bò mí lójú. Àwọn àgbà ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ìyàwó mi ti fi ohun tó yẹ lórí mi ṣe orúnkún!

Mo fìbínú wọlé, omi ń ro lára mi. "Ìyá wọn, irin agbòjò mi dà?"

"Ẹ rọra, Bàbá wọn. Ó ti ní oríkèé tẹ́lẹ̀, ẹ wò ó!"

Ọmọláńgidi jókòó lórí àga, ó ká orúnkún. Ọmọ jókòó tì í, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, ìbínú mi bá òjò lọ. Kíá ni ìyá rẹ̀ wọlé.

"Bàbá mi, kí ló rin yín báyìí?"

"Mo wẹ̀ ni."

"Taṣọtaṣọ?"

Ọmọ gbà mí sílẹ̀. "Màmá àgbà, ọmọ mi fẹ́ àbúrò."

Ìyàwó mi yíjú sí awò ojú mi, níbi tí apá rẹ̀ ti ń ká. Mo bọ́ ọ kíákíá, mo tì í bọ àpò.

"Bàbá àgbà, ẹ̀yin náà ẹ jókòó," ọmọ wí.

Mo jókòó. Àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò ni mo tì í bọ̀, ó sì ṣẹ́ lábẹ́ mi. Kí n tó dìde, ìyàwó mi ti na ọwọ́ sílẹ̀, ó ń retí oríkèé.