Èjí Kaothar

Èjí ni gbogbo èèyàn pè é, èjí náà ni Sùlíyá sì gbà pé ó jẹ́. Nígbà tí Kaothar, ọmọ rẹ̀ obìnrin, pé ọdún méje tí eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì lókè yọ, ti òsì nìkan ló padà hù. Ó hù jìnnà sí àárín, ó fi àlàfo gbàgàdà sílẹ̀, gbogbo ará ilé wọn ní Ifákò sì ń kan sáárá sí ẹwà ọmọ. Sùlíyá gan-an, tí eyín tirẹ̀ fún mọ́ra, a máa gbé ètè ọmọ náà sókè kí àlejò lè rí i.

Ti ọ̀tún kọ̀, kò hù. Ìyá ọkọ rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń bá wọn gbé, ní alángbá ló rí eyín tí ọmọ jù sórí òrùlé, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́. Ó pé ọdún kan, ó pé méjì. Bí Kaothar bá fẹ́ pe lẹ́tà síìnì ní ilé-kéú, súfèé ló ń jáde, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì bú sẹ́rìn-ín.

Sùlíyá ń di bisikíìtì sínú páálí ní ilé iṣẹ́ kan n'Ìkẹjà, níbi tí àyè ti ṣòro í gbà ju ẹyín adìyẹ tó ń sàba lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbàyè lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ní nọ́ńbà ti tán. Ìgbà kejì, iná ò sí, ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò eyín dákẹ́. Inú bí i débi pé ó ń dá sọ̀rọ̀ lójú títì. Ìgbà kẹta ni Dókítà Oyèníkẹ́ tó fi fọ́tò hàn án: eyín kan lé lẹ́nu ọmọ, ó dorí kodò sínú egungun láàárín àwọn eyín iwájú. Òun ló ti ti òsì sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ló sì dínà mọ́ ti ọ̀tún. Dókítà ní bí wọ́n bá tètè yọ ọ́, eyín gidi ṣì lè sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Abdulwasiu ọkọ rẹ̀ ní òun ò ní fọwọ́ síwèé iṣẹ́ abẹ láìjẹ́ pé ìyá òun gbọ́. Ìyá gbọ́, ìyá fárígá. Ó ní ìyá àgbà òun péjí, kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀bẹ kan èjí ìdílé àwọn. Sùlíyá ṣàlàyé títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Wọ́n ní kó ní sùúrù, sùúrù ni baba ìwà. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi jẹ baba ìwà náà, ó sì korò ju ewúro tí wọn ò fọ̀ lọ.

Ìgbà tí erìgì Kaothar wú tí kò lè jẹun ni Abdulwasiu tó fọwọ́ síwèé. Wọ́n ya fọ́tò mìíràn. Dókítà wò ó pẹ́. Ó ní eyín gidi ti dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbòǹgbò rẹ̀ ti gbó, kò lè sọ̀ fúnra rẹ̀ mọ́. Wọn yóò yọ èyí tó lé, wọn yóò la erìgì, wọn yóò wá máa fi wáyà fa ti ọ̀tún wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pàdé ti òsì, ó sì lè gba ọdún méjì.

Sùlíyá ti ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ lu ọkọ àti ìyá ọkọ nígbà tó bá délé, nígbà tí Kaothar fa aṣọ dókítà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ kó pàdé," ó ní. "Èjí yẹn ni mọ́mì mi fẹ́ràn jù lára mi."