Ẹ̀rọ tí Kò Gba Ẹ̀bẹ̀

Ọmọ mi obìnrin pòṣé ní pálọ̀ láàárọ̀ àná. Ó ti ń tẹ kọ̀ǹpútà láti ìgbà tí a ti jẹun tán, ìró rẹ̀ sì ń dún tákátáká dé ìdáná. Mo bi í pé kí ló dé.

"Màámi, mo ní kó fi àlàyé bí wọ́n ṣe ń lo nǹkan yìí hàn mí, ó ní kò sí ojú ìwé kankan."

Mo rẹ́rìn-ín. Àǹtí Mulíkà ni mo rántí.

Àbúrò bàbá mi ni. Inú agbo ilé kan náà ni gbogbo wa ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lẹ́yìn Ìdúmàgbò, níbi tí yàrá pọ̀ dé ibi tí àlejò máa ń ṣi ilẹ̀kùn kàn. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Bí o bá fẹ́ omi lọ́wọ́ ẹni tó jù ọ́ lọ, "ẹ jọ̀ọ́" ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ. Bí o bá gbàgbé, Ìyá Àgbà á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, á máa ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. Òùngbẹ lè gbẹ ọ́ títí ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí Àǹtí parí girama, ó rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Marina. Tẹ́lẹ́ẹ̀sì ló ń tẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun, tí ẹnì kan á sì tẹ èsì padà láti ọ̀hún. Nítorí pé ènìyàn ló wà lọ́hùn-ún, PLS ni wọ́n máa ń fi ṣíwájú ohun tí wọ́n bá ń béèrè, ìyẹn "ẹ jọ̀ọ́" ní ìkékúrú. Iṣẹ́ náà bá ilé wa mu.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá sí ọ́fíìsì yẹn. Odindi yàrá kan ni wọ́n fún un, wọ́n fún un ní ẹ̀rọ amúlétutù, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fi páálí fẹ́ ara wọn níta. Ohun tí wọ́n gbé síwájú Àǹtí dà bíi taipuráítà tó ní ìwé gígùn lẹ́yìn. Bó bá tẹ ọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà á tẹ èsì sórí ìwé náà. Òyìnbó tó wá gbé e kalẹ̀ ní gbogbo àlàyé ti wà nínú ẹ̀rọ: kí wọ́n sáà béèrè HELP, á tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó bá wọ ọkọ̀ òfurufú, ó lọ.

Kò tẹ àlàyé kankan jáde fún Àǹtí. Ọ̀gá rẹ̀, Mísítà Oyè, wá sọ ọ́ létí gbogbo ènìyàn pé bí kò bá lè dá ẹ̀rọ náà lò kó tó di Mọ́ńdè, òun á fi ọkùnrin síbẹ̀, kí Mulíkà lọ máa to fáìlì.

Ní Sátidé, Ìyá Àgbà lọ sí ọjà Sandgrouse, ni Àǹtí bá mú mi dání lọ síbi iṣẹ́. Mo jókòó sórí páálí ìwé nínú òtútù yẹn, mo ń wò ó. Á béèrè bó ṣe máa ń béèrè lórí tẹ́lẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ á ró kàrà, á dákẹ́. Èsì kan náà ló ń fún un: PLS, pẹ̀lú àmì ìbéèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ kíákíá. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu àwọn bọ́tìnnì. Pàbó ni.

Mísítà Oyè yọjú pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. "Mulíkà, kò tíì sú ọ ni? Lọ sílé ọkọ, jàre. Ẹ̀rọ ò mọ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó."

"Ọ̀gá, mi ò lọ síbì kankan. Mọ́ńdè lẹ wí. Òní kọ́ ni Mọ́ńdè."

Ó fi í rẹ́rìn-ín, ó jáde. Mi ò gbọ́ ọ rí kí Àǹtí dá àgbà lóhùn báyẹn. Ó fa ìwé náà sókè, ó nà án sí mi.

"Wo ohun tó ń wí. 'Ẹ jọ̀ọ́ kẹ̀?' Ó ń bi mí pé kí ni mò ń bẹ òun fún!"

Ó tún ìwé náà wò. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Àbí, kí ni mò ń bẹ̀ ẹ́ fún gan-an?"

Ó yọ PLS kúrò. Ó tẹ HELP nìkan, bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá ara rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ró, kò sì dákẹ́ mọ́. Ojú ìwé ń tẹ̀lé ojú ìwé, ó ń ká jọ sílẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ mi. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ náà máa ń gbà bí àṣẹ, kò sì mọ àṣẹ kankan tó ń jẹ́ PLS, ìdí nìyẹn tí kò fi dé ọ̀dọ̀ HELP rí. Àǹtí jókòó, ó ń jó èjìká. "Aláìmoore! Àṣé àṣẹ lo fẹ́!"

Ní Mọ́ńdè, orí ìjókòó rẹ̀ ni wọ́n bá a. Mísítà Oyè bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní, "Èmi ni, sà," ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Wọ́n ti wó agbo ilé wa, wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí ti lọ, Ìyá Àgbà ti lọ. Àwọn ọmọ mi ṣì ń kúnlẹ̀ kí àgbà, wọn kì í sì í tọrọ nǹkan láìbẹ̀. Èmi ni mo kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ojú fèrèsé ọ́fíìsì kan, tí wọ́n fẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó fún mi ní ohun tó jẹ́ tèmi, mo máa ń kí wọn dáadáa, n ó sọ ohun tí mo wá gbà, n ó sì dúró. Wọ́n máa ń bi mí nígbà mìíràn pé, "Màmá, ṣé ẹ ò lè bẹ̀ wá ni?"

Mo máa ń ní rárá.