Ìránṣẹ́ Ti Wà Lọ́nà

Bùláòsì ló pa èmi àti obìnrin ará Íńdíà kan pọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi wà ní Festac, lẹ́nu ọ̀nà klósì kan tí omi òjò máa ń dá dúró sí, inú omi náà ló sì gbà kọjá lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó mú bùláòsì ògbólógbòó kan jáde nínú àpò, irú èyí tí wọ́n ń wọ̀ pẹ̀lú sárì, tó fún mọ́ àyà tó sì fi ikùn sílẹ̀ gbayawu, ó ní ṣé mo lè rán irú rẹ̀. Mo ní mo lè rán an. Irọ́ ni mo pa. Èyí tí mo kọ́kọ́ rán kò ṣeé wọ̀, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò lè gbé apá sókè. Kò bínú, ó ní kí n tú u, kí n tún un rán. Láti ìgbà náà ni mo ti di télọ̀ rẹ̀.

Ẹnjiníà ni ọkọ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ kan lápá Àmùwò, ilé tí iléeṣẹ́ gbà fún wọn ni wọ́n ń gbé, àwọn méjèèjì àti ìyá ọkọ. Wọn ò tíì bímọ. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Tirẹ̀ ń sáré, tèmi ń wọ́ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n a máa ń gbọ́ra wa yé. Ó ń pè mí ní Sister, èmi ń pè é ní Madam, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ dáadáa. Bí iná bá lọ tí ooru mú, á bọ́ sórí àga ní ẹ̀gbẹ́ maṣíìnì mi, á máa bá mi já òwú, bí ẹni pé ọmọṣẹ́ mi lòun náà.

Lọ́dọọdún, nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, aṣọ pupa ló máa ń gbé wá. Ọjọ́ kan wà tí àwọn ìyàwó lọ́dọ̀ wọn ń gbààwẹ̀ kí ẹ̀mí ọkọ wọn lè gùn. Láti ìdájí títí òṣùpá á fi yọ, wọn ò ní jẹ, wọn ò ní mu. Bí òṣùpá bá yọ, ìyàwó á gbé asẹ́ sójú, á gba ojú asẹ́ wo òṣùpá, á tún gbà á wo ojú ọkọ rẹ̀, ọkọ á wá bu omi sí i lẹ́nu. Mùsùlùmí ni mí, ààwẹ̀ ò ṣàjèjì sí mi, nítorí náà mo béèrè ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni béèrè.

Mo ní, "Ọjọ́ wo ni ọkọ ń gba tirẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín títí píìnì fi já bọ́ lápá rẹ̀. "Sister, ọkọ kì í gbà á."

"Ẹ̀mí ìyàwó ńkọ́? Ta ló ń gbààwẹ̀ fún ìyẹn?"

Ó ní òun ò mọ̀, òun á bi ìyá ọkọ òun. Kò bi í, èmi náà mọ̀ pé kò ní bi í.

Opó ni ìyá ọkọ náà. Mo ti rí i nígbà tí mo gbé aṣọ lọ sílé wọn: ìyá kan tí ara rẹ̀ kéré, sárì funfun lọ́rùn, kò sí ẹ̀gbà ọwọ́, kò sí àtíkè pupa tí àwọn abilékọ wọn ń fi sí àárín ìlà irun. Òun ló ń dìde sí ìdáná ní ìdájí ọjọ́ náà láti se oúnjẹ tí ìyàwó á jẹ kó tó gbààwẹ̀, sààrì tiwọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí àwọn obìnrin bá ti kóra jọ lálẹ́ pẹ̀lú àwo àti àtùpà, yàrá ni ìyá á wọ̀, á sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kò dára kí ojú opó bọ́ sórí àwo náà. Ẹni tó se oúnjẹ náà ni wọ́n ń sá fún. Orí mi gbóná nígbà tí mo gbọ́ ọ, obìnrin náà sì ń wò mí bí ẹni pé kí ló ń ṣe mí.

Ohun tó ń ṣe mí kò fara sin. Ọkọ mi dé láti ibi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá, ó ní òun fẹ́ na ẹ̀yìn, kò sì dìde kírun àárọ̀. Kí wọ́n tó gbé e kúrò nílé àwọn ẹbí rẹ̀ ní Kuje lápá Àmùwò lọ sin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fà mí sí kọ̀rọ̀.

"Kí lo sè fún un?"

"Ilá ni, Àǹtí."

"Ilá," ó ní. Mi ò lè sọ pé wọ́n ṣe mí níkà lẹ́yìn náà. Wọ́n ń kí mi, wọ́n ń fi ẹran iléyá ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ mi. Àmọ́ bí mo bá gbé kúlà oúnjẹ lọ sí ìpàdé ẹbí, bí mo ṣe gbé e lọ ni mo ń gbé e bọ̀, ẹnikẹ́ni kì í ṣí i. Mo ti sunkún lórí kúlà yẹn rí, nínú kẹ̀kẹ́ márúwá, oníkẹ̀kẹ́ ń bi mí bóyá wọ́n jà mí lólè.

Ọdún tí mo ń sọ yìí, bí mo ṣe ń gé aṣọ pupa tiẹ̀, obìnrin náà sọ ìtàn tí wọ́n ń sọ lọ́jọ́ ààwẹ̀ náà fún mi. Ayaba kan lọ kí àwọn òbí rẹ̀, ọjọ́ ààwẹ̀ bá a níbẹ̀. Ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òùngbẹ fẹ́ pa á, àwọn ẹ̀gbọ́n ò sì lè máa wò ó bẹ́ẹ̀. Wọ́n lọ dáná sẹ́yìn igi, wọ́n gbé asẹ́ síwájú iná náà, wọ́n ní, "Wò ó, òṣùpá ti yọ." Ó gbà wọ́n gbọ́, ó jókòó sídìí oúnjẹ. Òkèlè àkọ́kọ́, irun wà nínú rẹ̀. Ìkejì, ó sín. Bó ṣe fẹ́ fi ìkẹta sẹ́nu ni ìránṣẹ́ wọlé láti ààfin pé ọba ti kú. Wọ́n ní òun ló pa á, pé àìfaradà rẹ̀ ló pa á, ó sì ní láti fi odindi ọdún kan tọrọ ẹ̀mí ọkọ rẹ̀ padà.

Mo bi í pé ìyà wo ni wọ́n fi jẹ àwọn ẹ̀gbọ́n tó parọ́. Ó ní kò sí, ìtàn ò dárúkọ wọn mọ́. Mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Madam, báwo ni ààfin ṣe jìnnà sí ilé bàbá rẹ̀?"

"Ó jìnnà. Ìlú mìíràn ni."

"Ìgbà wo wá ni ìránṣẹ́ kúrò nílé, tó fi dé bó ṣe ń gbé òkèlè kẹta?"

Ó ń jẹ òwú lẹ́nu.

Mo ní, "Ọba yẹn ti kú kí ayaba tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Kó tó bu òkèlè àkọ́kọ́ pàápàá, ìránṣẹ́ ti wà lọ́nà. Òun ni kò sí ẹni tó bi léèrè, obìnrin tí ebi ń pa ni gbogbo yín rí bá wí."

Ó ní kò sí ẹni tó sọ ọ́ báyẹn rí. Ìyá òun ló sọ tòun fún òun, ìyá ọkọ òun náà ń sọ ọ́. Àwọn obìnrin ló ń sọ ọ́ fún ara wọn, tí wọ́n jókòó yíká, tí wọ́n ń gbé àwo fún ara wọn. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní bí òun bá bí obìnrin, tèmi lòun máa sọ fún un. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n dá láre nílé ẹjọ́.

Nígbà tí ọjọ́ ààwẹ̀ pé, ó wá lọ́sàn-án láti wọ bùláòsì náà wò, nítorí pé húùkù ẹ̀yìn rẹ̀ kò mú dáadáa. Ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀ ni, ojú rẹ̀ ṣì rí hátahàta. Kò sí iná, jẹnẹrétọ̀ mi kọ̀ kò ta. Ó dúró síwájú dígí, mo wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú píìnì lẹ́nu, mo sì rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yẹ̀. Mo gbá a mú. Ara rẹ̀ tutù, òógùn bò ó. Mo gbé e jókòó sílẹ̀, mo já ẹnu píọ̀ wọ́tà, mo gbé e sí i lẹ́nu, ó yí orí kúrò.

Mo ní, "Lọ́dọ̀ tiwa, aláìsàn kì í gbààwẹ̀. Ọlọ́run ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ mu omi jàre."

Ó tún yí orí kúrò. Lẹ́yìn náà ló gba ọ̀rá omi náà lọ́wọ́ mi fúnra rẹ̀, ó sì mu ún, ó fà á títí ọ̀rá fi rún. Ojú rẹ̀ là. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní kí n má sọ. Mo ní ta ni mo fẹ́ sọ fún. Mo fún húùkù rẹ̀ le, ó gbé aṣọ pupa rẹ̀ lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, dírẹ́bà wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù, ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni. Kò jókòó.

"Àǹtí, ọ̀gá ti lọ o. Ó slump ní fákítírì láàárọ̀ àná, a ò tíì pẹ́ tí a débẹ̀. Èmi ni mo gbé e lọ ọsibítù, táńkà dí gbogbo Mile 2 pa, mò ń fọn fèrè bíi wèrè. Mánéjà ní ká má pe Madam, pé ó wà nínú ààwẹ̀, ká má jẹ́ kó ṣínu. Wọ́n ní ara ọ̀gá máa yá kó tó di alẹ́. Òṣùpá ń yọ lọ́wọ́ nígbà tó kú, Àǹtí."

Mo sunkún. Àmọ́ mi ò lè parọ́, nínú ẹkún yẹn ni nǹkan kan ti fò sókè nínú mi: àárọ̀ ló ṣubú. Ọ̀sán ló mu omi. Ìránṣẹ́ ti wà lọ́nà! Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí dírẹ́bà gbé mi lọ.

Orí ẹní ni mo bá a nílẹ̀ pálọ̀. Wọ́n ti nu àtíkè pupa kúrò lórí rẹ̀, wọ́n ti fọ́ àwọn ẹ̀gbà onígíláàsì ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbẹ díẹ̀ sí ọrùn ọwọ́. Àwọn obìnrin tó wá kí wọn jókòó jìnnà sí i. Ìyá ọkọ nìkan ló jókòó tì í. Bí obìnrin náà ṣe rí mi, kò kí mi.

"Sister, mo mu omi."

Kò rọra sọ ọ́. Gbogbo pálọ̀ ló gbọ́.

Mo kúnlẹ̀ sójú ẹní náà, mo ní irọ́ ni. Mo ní kó rántí ìtàn ayaba. Mo pe dírẹ́bà wọlé pé kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ó sì sọ ọ́: àárọ̀ ni, kí Madam tó kúrò nílé rárá. Mo ní, "Ẹ gbọ́? Kí omi tó kan ètè yín, ọkọ yín ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù." Ó ń wò mí lẹ́nu. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ wọ̀ ọ́ lára, ojú rẹ̀ ń wá a, ó fẹ́ gbà á. Ó wá yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀.

Ìyá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, obìnrin náà ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi fún un. Ìyá dáhùn ní èdè wọn, jẹ́jẹ́, kò pariwo. Obìnrin náà sì tún túmọ̀ rẹ̀ fún èmi, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

"Ó ní láàárọ̀, ọmọ òun ṣì wà láàyè."

Ìyá ò tíì parí.

"Ó ní ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án."

Mo wo dírẹ́bà. Ó wolẹ̀. Ọ̀gá ti béèrè tíì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án.

Ìyá tún sọ̀rọ̀. Èyí kò pẹ́, ṣùgbọ́n obìnrin náà wo ojú ìyá kó tó túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní òun náà mu omi lọ́dún tí ọkọ òun kú. Òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyẹn lòun fi mọ̀."

Ìyá wá gbé ọwọ́ lé e lórí, ibi tí wọ́n ti nu àtíkè kúrò, ó sì ń pa á lórí bí ẹni ń tu ọmọ nínú. Mi ò rí i kó fọwọ́ kàn án rí. Ọmọbìnrin náà gbé orí lé itan rẹ̀, ó sunkún báyìí, ẹkún tí ó ti ń wá látàárọ̀. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ já wọn kúrò lára ara wọn. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò lè ṣe nǹkan kan.

Kí n tó dìde, ìyá wọ yàrá lọ, ó mú aṣọ funfun kan jáde nínú àpótí rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó nílò láti túmọ̀ ìyẹn. Ìwọ̀n obìnrin náà wà lọ́wọ́ mi, bùláòsì funfun ni kí n rán fún un. Mo rán an. Mo fún àwọn húùkù le, ó sì bá a mu ju gbogbo àwọn pupa lọ. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n padà sí Íńdíà, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀, mi ò sì gbúròó wọn mọ́.

Mo ti sọ ìtàn ìránṣẹ́ yẹn fún ọ̀pọ̀ obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù mi láti ìgbà náà, wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní mo gbọ́n. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi obìnrin ra ilá bọ̀ láti ọjà, ó ti ń rẹ́ ẹ kí n tó dé ìdáná. Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kò bá mi lára mu, bí mo ṣe máa ń sọ láti ọdún tí bàbá wọn ti kú, mo sì kó gbogbo rẹ̀ dà nù.