Ọwọ́ Bàbá Toyibat

Ní sẹ́ẹ̀dì àwa mẹkáníìkì ọ̀kadà ní Sángo, kò sí ẹni tó ń fúnra rẹ̀ de bóòtù kíláàṣì parí. Bóòtù kéékèèké mẹ́rin ni, àwọn ló di kíláàṣì tí a fi ń pààrọ̀ jíà mú nínú ẹ́ńjìnnì. A ó fọwọ́ yí i wọlé, a ó sì ké sí Bàbá Toyibat kí wọ́n wá dè é gbẹ̀yìn. Irin tí bóòtù yẹn ń wọ̀ kò lágbára: bí o bá dè é jù, á kán, bí kò bá le tó, á tú dà sínú ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀nà. Ọwọ́ Bàbá mọ àárín méjèèjì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń ṣe é, ọlọ́kadà kan ò padà wá bínú rí.

Fàlílù ni orúkọ wọn, ara Ìwó ni wọ́n, agídí wọn kò sì kéré. Nígbà tí Sírájúdéènì, alága wa, ra sípánà tó máa ń ró kẹ́ bí bóòtù bá ti le tó, ẹ̀rín ni Bàbá fi í rín.

"Ta ló ní ọwọ́ tó tún ń ra ọwọ́?"

Bí eruku ṣe bo sípánà náà nínú àpótí nìyẹn.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ èṣí, mo rí Bàbá tí wọ́n di ife tíì gbígbóná mú, tí wọn ò gbé e sílẹ̀. Èmi ni mo gbà á. Àtẹ́lẹwọ́ wọn ti bó.

"Bàbá, kò ta yín ni?"

"Ògúnlẹ́yẹ, pa ẹnu ẹ dé."

Ìtọ̀ ṣúgà ti pa ìka wọn, kò mọ nǹkan lára mọ́. Dókítà ní kò ní padà mọ́.

Àmọ̀dá, tó ń fi ọ̀kadà gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí Agbára, ló kọ́kọ́ fara gbá a. Bàbá de bóòtù rẹ̀, irin kán. Bàbá ní bóòtù ayédèrú ni, àwọn yòókù sì gbà. Nígbà tó tún gbé e wá, ẹ̀rù ti ń ba Bàbá, wọ́n rọra dè é. Ó tú lọ́nà Alápòtí, kíláàṣì fọ́ yángá.

"Bàbá, ẹ má bínú o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì mi mọ́."

Bàbá ń wo ọwọ́ wọn bí ẹni ń wo ọmọ tó jalè. Inú bí mi sí Àmọ̀dá, ó sì bí mi sí Bàbá pẹ̀lú. Kí ló dé tí wọn ò sọ? Àmọ́ bí wọ́n bá sọ, kí ni yóò kù tí a ó máa pè wọ́n fún?

Ni mo bá dọ́gbọ́n. Ẹ̀yìn sẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń fi sípánà Sírájúdéènì de mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí yóò fi ró, kí n tó pe Bàbá. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi sípánà tiwọn kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní, "Ó ti tó." Mo rò pé mo gbọ́n.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹnìkan pè mí níbi tí mo ti ń dè é, mo sì gbàgbé ìkẹrin. Bàbá fi sípánà kan èkíní, èkejì, ẹ̀kẹta.

"Ó ti tó. Ó ti tó. Ó ti tó."

Wọn ò fọwọ́ kan ìkẹrin rárá.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ tó ró, Ògúnlẹ́yẹ. Lọ dè é kó pé."

Wọ́n gbé sípánà wọn lé orí àpótí mi, wọ́n fi pẹtiróòlù fọ ọwọ́, wọ́n sì lọ sílé. Òní ló pé ọjọ́ kẹrin tí wọn ò wá.